Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka páálí òògùn

Ìbéèrè: Kíláàsì karùn-ún ni mò ń kọ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Màsífà, Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ mi mọ orin ìfọwọ́ lórí, wọ́n sì ń gba máàkì gidi nínú ìdánwò ìlera. Ṣùgbọ́n bí orí bá ń fọ́ wọn nílé, òògùn tọ́wọ́ wọn bá bà ni wọ́n ń gbé mì. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Apoògùn òyìnbó ni mí, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí ohun tí ẹ sọ yìí. Orin ìfọwọ́ kò burú. Ó kù kí wọ́n mọ bí a ṣe ń yẹ òògùn wò ká tó lò ó.

Ẹ ní kí wọ́n kó páálí òògùn tó ti tán wá. Páálí òfìfo o! Kí ẹnikẹ́ni má kó òògùn wọ kíláàsì. Kí wọ́n wá nọ́ńbà NAFDAC, kí wọ́n wá ọjọ́ tí wọ́n kọ EXP sí, ìyẹn ọjọ́ tí òògùn náà ò ní ṣeé lò mọ́, kí wọ́n sì wá ojúlówó orúkọ òògùn náà, èyí tí wọ́n máa ń kọ wẹ́wẹ́. Orúkọ wẹ́wẹ́ yìí ni kí ẹ dúró lé lórí. Wọ́n á fojú ara wọn rí i pé paracetamol tó wà nínú òògùn ẹ̀fọ́rí tún wà nínú ọ̀pọ̀ òògùn ọ̀fìnkìn. Ẹni tó bá lo méjèèjì pọ̀ ti lo ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, àpọ̀jù rẹ̀ a sì máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Lọ́jọ́ mìíràn, kí wọ́n mú ṣíbí wá láti ilé. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ bu omi kún ṣíbí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dà á sínú ife kékeré tó máa ń bá òògùn olómi ọmọdé wá. Ṣíbí ìjẹun á kọjá ìlà 5ml dáadáa, ti tíì míì ò sì ní dé e. Kò sẹ́ni tó máa jiyàn mọ́ pé ṣíbí ilé kì í ṣe òṣùwọ̀n òògùn.

ORS náà ńkọ́, ìyẹ̀fun oníyọ̀ tí a ń pò mọ́ omi fún ìgbẹ́ gbuuru? Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí i lára pé lítà omi 1, píọ̀ wọ́tà 50cl méjì nìyẹn. Bí a bá pò ó mọ́ ẹyọ kan, iyọ̀ rẹ̀ á pọ̀ jù.

Ẹ má gbàgbé ọ̀wọ̀ àwọn àgbà. Ọmọ ò lè délé kó ní “òògùn yín ti bàjẹ́.” Ẹ kọ́ ọ kó sọ pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bá yín kà á.” Àmọ́ kò gbọdọ̀ torí pé ó mọ̀ ọ́n kà fún àbúrò rẹ̀ lóògùn.

Bí páálí bá wọ́n yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ apoògùn àdúgbò yín. Ńṣe la máa ń dà wọ́n nù.