Poison oak tó ń yọ síbi tuntun

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ewé poison oak, igi kan tí ewé ẹ̀ máa ń mú kí ara yún kó sì lé ròrò, kàn yín nígbà tẹ́ ẹ gun òkè ní California, ó sì ṣì ń yọ síbi tuntun lára yín. Omi inú ìléròrò yẹn kọ́ ló ń ràn án káàkiri bẹ́ ẹ ṣe rò, ọmọ yín ò sì lè kó o látinú ẹ̀. Òróró ara ewé yẹn, urushiol, ló fà á, ibi tó ti kàn yín jù ló kọ́kọ́ yọ, ibi tó kéré á tẹ̀lé e lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Irú òróró bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú èèpo kajú tútù tó máa ń bó wa lẹ́nu nílé, ìdílé kan náà ni wọ́n.

Àmọ́ tó bá ti lé lọ́sẹ̀ kan tó ṣì ń yọ síbi tuntun, ó lè jẹ́ pé òróró yẹn ṣì wà nínú ilé. Ẹ wọ gílọ́ọ̀fù, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ fọ bàtà tẹ́ ẹ wọ̀ gun òkè California yẹn, tòun ti okùn ẹ̀, ẹ nu fóònù, ẹ wẹ ajá yín pẹ̀lú, irun ajá gan-an ló máa ń gbé e wọlé.

Fún yíyún, omi tútù àti calamine, ìpara tó ń dín ara yíyún kù. Tó bá ti dé ojú tàbí abẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà lónìí.

Ẹ má dáná sun igi poison oak yẹn o! Èéfín ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.