Èsì: Táǹkì gogoro tí ẹ fẹ́ wó n'Ísànlú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ jẹ́ kí wẹ́dà kan gé ẹsẹ̀ irin táǹkì omi yín láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì fi okùn fà á wó. Rárá, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà yẹn gé e, bó ti wù kó fọ́nnu tó. Irin mítà 18 tó ti dípẹtà lè má wó síbi tí okùn ń fà á sí. Ẹsẹ̀ tó ti jẹrà jù ló máa kọ́kọ́ yẹ̀.

Òkè ni kí wọ́n ti máa tú u bọ̀, pẹ̀lú kírénì. Gígé ìsàlẹ̀ di ọ̀rọ̀ kìkì bí ẹnjiníà bá ti ṣírò rẹ̀, tí ilẹ̀ yíká sì ṣófo dé nǹkan bíi mítà 27. Ẹ ní ilé wà ní mítà 10, àbí?

Kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún:
1. Ẹ fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Lítà 10,000 jẹ́ tọ́ọ̀nù 10 lórí ẹsẹ̀ tó ti rà.
2. Ẹ ní kí àwọn oníná pa iná wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ pàápàá ń kú nídìí iṣẹ́ wíwó nǹkan báyìí. Ní Didcot, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lóṣù kejì ọdún 2016, ilé bọ́ílà iléeṣẹ́ iná mànàmáná kan wó nígbà tí wọ́n ṣì ń múra láti fi àdó olóró wó o. Òṣìṣẹ́ 4 ló kú.

Bí atẹ́gùn bá sì dìde, kí àwọn tó wà lórí táǹkì yín sọ̀ kalẹ̀.