Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì wá sí Salvador: bí ọlidé ṣe rí gan-an ní Brazil

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire ọmọ tó rí yunifásítì wọ. Ẹ ní ẹ fẹ́ mú un wá sí Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia, pé ẹ ti rí déètì ọlidé ilẹ̀ Brazil lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ lè fi ṣètò ìrìn àjò yín. Kò tó. Ìlú yìí ni mò ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọlidé sì ti dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì débi pé mo ti mọ èyí tó ń ti ìlú pa àti èyí tó jẹ́ orúkọ lásán.

Ọlidé ìjọba àpapọ̀ wà, ti ìpínlẹ̀ wà, ti ìlú náà wà. Èyí tí ẹ rí yẹn, ti ìjọba àpapọ̀ ni: Ọdún Tuntun, Ọjọ́ Ẹtì Rere, ọjọ́ 21 oṣù kẹrin tí wọ́n fi ń rántí Tiradentes, ajìjàgbara tí ìjọba Potogí so kọ́ ní Rio lọ́dún 1792, ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, òmìnira ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án, Màríà Aparecida ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá, ọjọ́ àwọn òkú ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá, ọjọ́ 15 oṣù kan náà tí wọ́n fi ń rántí bí wọ́n ṣe pa ìjọba ọba tì, ọjọ́ 20 rẹ̀ tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú, àti Kérésìmesì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bọ́ sí Sọ́ńdè, ó ti ṣòfò nìyẹn; wọn kì í sún un sí Mọ́ńdè bí ìjọba Nàìjíríà ti máa ń ṣe. Àmọ́ tó bá bọ́ sí Tọ́sìdeè, ẹ ti ka Fúráìdeè mọ́ ọn. Tó bá bọ́ sí Túsìdeè, Mọ́ńdè náà ti lọ. Feriadão ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ìdajì ìlú á sì ti gba etíkun lọ.

Carnival kò sí nínú òfin ọlidé ìjọba àpapọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ń ti Salvador pa tó o. Láti Tọ́sìdeè títí di òwúrọ̀ Ọjọ́rú Eléérú ni àdúgbò Barra, Ondina àti Campo Grande ń kún fọ́fọ́. Báńkì kì í ṣí ní Mọ́ńdè àti Túsìdeè, ọ̀sán Ọjọ́rú ni wọ́n tó ń padà ṣí. Ọ́fíìsì kan tí mo ń bá ṣe ìwé ìgbélùú mi ti sọ fún mi, nígbà tí Carnival ṣì kù díẹ̀, pé kí n padà wá tó bá parí. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ bí gbogbo ìlú ṣe ń rò ó nìyẹn, pé ọdún kò tíì bẹ̀rẹ̀ títí ìlù á fi dákẹ́. Ẹ má mú ọmọ wá ṣe ìwé lásìkò náà.

Ọjọ́ 24 oṣù kẹfà, São João, ìyẹn ọdún Jòhánù Mímọ́, yàtọ̀ pátápátá. Ọlidé ìlú ni ní Salvador, ìlú á sì dá wáí, torí kálukú ń lọ sílé bàbá rẹ̀: Cachoeira, Amargosa, Cruz das Almas. Wọ́n á dá iná igi síwájú ilé, wọ́n á se àgbàdo àti ẹ̀pà. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì á ti tán tipẹ́.

Ọjọ́ 2 oṣù keje ni mo fẹ́ràn jù. Bahia nìkan ló ni ín. Brazil ti kéde òmìnira ní 1822, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun Potogí kò jáde kúrò ní Salvador títí di ọjọ́ yẹn ní 1823, àwọn ará Bahia ló sì bá wọn jà. Láti àdúgbò Lapinha ni wọ́n ti ń fa kẹ̀kẹ́ Caboclo àti Cabocla, ère àwọn onílẹ̀, gba Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ìlú náà, dé Campo Grande. Mo rí ìyá àgbà kan níbẹ̀ tó ká bébà pélébé, ó fi kan iwájú orí rẹ̀, ó sì tì í bọ àárín ewé tó wà lẹ́sẹ̀ Caboclo. Ẹ̀bẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò ó bí ohun àjèjì.

Ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ni wọ́n pa Zumbi, olórí Palmares, ibùdó àwọn ẹrú tó sá kúrò lóko ẹrú, lọ́dún 1695. Porto Alegre ni àwọn aláwọ̀ dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìrántí ọjọ́ náà ní 1971, ìpínlẹ̀ àti ìlú kan gbà á, òmíràn kọ̀, kó tó di pé òfin sọ ọ́ di ọlidé gbogbo orílẹ̀-èdè ní ìparí 2023. Kí ọmọ yín bá wọn rìn lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tiwa ni.

Àwọn ọjọ́ mìíràn tó tún jẹ́ tiwa kì í ṣe ọlidé rárá. Ọjọ́ 2 oṣù kejì, Yemọja, èèyàn á ti tò sí Rio Vermelho kílẹ̀ tó mọ́ pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, àwọn apẹja á sì gbé ẹ̀bùn náà wọ òkun lọ́sàn-án. Ọjọ́ 4 oṣù kejìlá, Santa Bárbara, aṣọ pupa lẹ ó máa rí ní Pelourinho, nítorí Ọya ni wọ́n kà á sí. Ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ni ti Cosme àti Damião, ìyẹn Ìbejì. Wọ́n á se caruru, ilá pẹ̀lú epo pupa àti edé, ọmọ kékeré méje á sì kọ́kọ́ jókòó yí abọ́ ńlá kan ká sílẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ jẹ ẹ́ kí àgbàlagbà tó fẹnu kàn án. Ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ yín lè pè yín wọlé.

Nítorí náà, bí yunifásítì bá gbà fún yín, ẹ dé lẹ́yìn ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án. Kò sí ọlidé ìjọba àpapọ̀ mọ́ títí di ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá, ẹ ó ráyè ṣe ìwé, ẹ ó sì bá caruru. Ẹ fi déètì ìforúkọsílẹ̀ ọmọ ránṣẹ́, ká jọ wò ó.