Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ọ̀rọ̀ Ṣókí fún Èrò Ọkọ̀

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ọ̀kun o. Akọ̀wé ni mo jẹ́ ní gáréèjì kan ní Kàbà, níbi tí a ti ń kó èrò lọ sí Lọ́kọ́ja àti Àbújá. Bí tírélà bá dábùú ọ̀nà ní ìhà Ọbájànà, àwọn èrò a máa jókòó tì wá títí, inú a sì máa bí wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa ní kí a máa fi ọ̀rọ̀ ṣókí tó wọn létí lórí X, tí wọ́n ń pè ní Twitter tẹ́lẹ̀. Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ fún àwa tí a kì í ṣe iléeṣẹ́ ńlá?

ÌDÁHÙN: Ọ̀kun o, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa, bí ẹ bá gbà pé ìròyìn tí kò dùn ni ẹ ó máa kọ jù lọ, tí ẹ sì ń kọ ọ́ kí èrò tó jáde nílé. Nígbà tí omi gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ló há sójú ọ̀nà. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì wà nílé ní Ìyàrà tàbí Ìsánlú lè sún ìrìn-àjò rẹ̀ síwájú.

Ẹ kọ ọ́ báyìí: «Aago 7:10 àárọ̀. Tírélà ṣubú lọ́nà Ọbájànà, ọkọ̀ kò kọjá. Ọkọ̀ Lọ́kọ́ja kò tíì ní gbéra. A ó tún sọ̀rọ̀ ní aago 8.» Bí aago mẹ́jọ bá sì lù, kí ẹ sọ̀rọ̀ lóòótọ́, bí nǹkan kan kò tilẹ̀ tíì yí padà, nítorí ìdákẹ́jẹ́ ló ń bí èrò nínú ju ìdádúró lọ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin BART ní San Francisco ń dá èrò dúró lemọ́lemọ́, ẹni tó ń kọ̀wé fún wọn lórí Twitter kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ó sọ fún àwọn tó ń bínú pé iye èèyàn tí wọ́n torí wọn ṣe ojú irin náà kéré púpọ̀ sí iye tó ń wọ̀ ọ́, àti pé púpọ̀ nínú ohun èlò rẹ̀ ti gbó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló yìn wọ́n fún òótọ́ tí wọ́n sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sórí X nìkan. Ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù Kìíní ọdún 2022. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, MTA, iléeṣẹ́ ọkọ̀ èrò ti New York, pàápàá dáwọ́ ìkéde ìrìn ọkọ̀ dúró lórí Twitter fún ìgbà díẹ̀, nígbà tí Twitter fẹ́ máa gba owó gọbọi lọ́wọ́ wọn. Lọ́dọ̀ wa, WhatsApp ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ ṣí ìkànnì (Channel) síbẹ̀, nítorí àwọn tó ń tẹ̀ lé e kì í rí nọ́ńbà ara wọn. Kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ kan náà sára pátákó ní ẹnu gáréèjì, nítorí àwọn ìyá ọlọ́jà tí kò ní irú fóònù bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ má gbé àwòrán òkú tàbí nọ́ńbà ọkọ̀ síta. Kò yẹ kí ibẹ̀ ni ìyàwó tàbí ọmọ ti kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ pe Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lórí 122, kí ẹ sì kọ pé ọ̀nà dí. Kí awakọ̀ má ṣe tẹ fóònù lórí ìrìn. Ọmọ ọkọ̀ ni kó pe ọ́fíìsì, kí ẹni méjì tí ẹ bá yàn níbẹ̀ sì máa kọ ọ́.