Ọ̀gá Mi Àtijọ́ Ń Fi "Ẹ" Bá Mi Sọ̀rọ̀

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí ní Lọ́ńdọ̀n. Láti ọdún 2012 sí 2016, èmi ni dírẹ́bà ọ̀gá kan tó ń kó ẹ̀yà ara mọ́tò wọlé fún ọjà Ládípọ̀ ní Èkó. Wọ́n fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, àwọn ni wọ́n sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tó gbé mi dé ibí. Ayé wá yí bírí. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ lóṣù Kẹfà 2023, tí dọ́là kan tí kò tíì pé 500 náírà ní báńkì fi kọjá 1,500 kí oṣù Kejì 2024 tó parí, gbèsè dọ́là tí wọ́n jẹ lórí ọjà gbé ṣọ́ọ̀bù àti ilé wọn lọ. Wọ́n rí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó gbà níbí, wọ́n sì ti lo oṣù mẹ́jọ nínú yàrá kejì ilé tí mo gbà ní Peckham. N kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ni wọ́n ti ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀.

Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé lóru, màá bá ọbẹ̀ ẹ̀gúsí nínú ìkòkò kékeré kan lọ́tọ̀, tí wọn kò fi edé sí, nítorí edé máa ń yún mi lára. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́ fún wọn, ó ti tó ọdún mẹ́wàá, lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Lójú ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ti máa ń kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ bí a bá ti kọjá Ojódù Berger, lẹ́nu ààlà Èkó, tí wọn á wá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwa méjèèjì kò láya, a kò sì sọ nǹkan kan fún ara wa rí. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò gbà kìkì nítorí pé abẹ́ òrùlé mi ni wọ́n wà. Kí ni kí n ṣe? (Awakọ̀, Peckham)

ÌDÁHÙN: Awakọ̀ wa, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, "wọ́n" ni ẹ ń pe ọkùnrin yìí, àfi ibì kan ṣoṣo tí ẹ ti kọ ọ́ pé, "Mo fẹ́ràn rẹ̀." Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé láti inú ọkàn yín ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, "ó" ni èmi náà yóò máa pè é, nítorí ojú ẹni tí ẹ fẹ́ràn ni mo fi ń wò ó.

Ìbẹ̀rù yín tọ̀nà. Ó ṣòro fún ẹni tí a fi ilé bò lórí láti sọ pé rárá, pàápàá ọmọ Yorùbá tí a fi ìmoore tọ́, nítorí náà ẹ tú okùn yẹn kí ẹ tó la ẹnu. Ẹ jẹ́ kí ó máa san lára owó ilé bí agbára rẹ̀ bá ti mọ, ìbáà ṣe ìdá mẹ́ta, kí ẹ sì bá onílé sọ̀rọ̀ bóyá yóò gbà kí orúkọ rẹ̀ wọ inú ìwé àdéhùn. Mo mọ̀ pé yóò dà bíi pé ẹ ń ṣahun. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn rí kò lè sùn fọkàn balẹ̀ nínú ilé tí a kò ti gba kọ́bọ̀ rẹ̀. "Ẹ" tó ń pè yín yẹn ni ó fi ń san owó ilé tí ẹ kọ̀ láti gbà.

Ẹ má ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sí àìfẹ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní 2014, nígbà tí ẹ ṣì ń wa ọkọ̀ fún un, ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ọkùnrin méjì tó bá ṣe ìgbéyàwó, àti ọdún 10 fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ẹni tó gbé Èkó nígbà náà yóò mọ ìdí tí ènìyàn fi ń dúró títí yóò fi kọjá Berger kí ó tó wá síwájú ọkọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà ni irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní England àti Wales. Àmọ́ ẹ̀rù tí ènìyàn ti gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ má sì gbé àwòrán ẹ̀yin méjèèjì sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ẹ jọ fẹnu kò, nítorí òfin Nàìjíríà yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Ọbẹ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó kàn ń san oore padà yóò se ọbẹ̀ aládùn, yóò sì da edé sí i. Ẹni tó ń gbé ìkòkò kejì kaná nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ sọ nígbà tí òun ni ọ̀gá, tí kò jẹ yín ní gbèsè kankan, ó ti pẹ́ tó ti ń fetí sí yín.

Nígbà tó bá ti san owó oṣù méjì tàbí mẹ́ta, ẹ yan ọjọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì kò lọ síbi iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé ohun yòówù tó bá fi dáhùn, yàrá rẹ̀ kò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ lè mú ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ tọkàn yín, kí ẹ má sì béèrè èsì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ti "ẹ", ẹ má pàṣẹ fún un pé kó jáwọ́, nítorí ohùn ọ̀gá ni ìyẹn náà yóò jọ. Ẹ bi í léèrè oríkì rẹ̀, Àjàní ni o, Àkànní ni o, Àlàó ni o, kí ẹ sì sọ tiyín fún un. Oríkì ni ìyá wa fi ń pè wá nígbà tó bá fẹ́ tù wá nínú, kì í sì í rọrùn láti fi "ẹ" tẹ̀lé e. Ẹ fi pè é lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó bá dúró ti ìkòkò kékeré yẹn, kí ẹ wo bí yóò ṣe bojú wẹ̀yìn.