Àjàrà bonsai l'Ékòó: jẹ́ kí ìdí ẹ̀ sanra ná

Àbúrò, mo rí ìbéèrè ẹ pé o fẹ́ gbin àjàrà ní bonsai, ìyẹn igi tí wọ́n ń tọ́ ní kékeré nínú àwo, lórí bàkónì yín n'Ísàlẹ̀ Èkó, pé o ti ra àwo pẹrẹsẹ ẹ̀ sílẹ̀, àti pé fídíò tó o wò ní kó o gé e lóṣù kejì. Jọ̀ọ́, gbé àwo yẹn pamọ́ ná. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí èmi àti igi yìí ti ń fà á ní Ṣómólú níbí, ojú mi sì ti rí tó, nǹkan méjì ló ń pa á lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n gbé e sínú àwo kékeré nígbà tí kò tíì sanra, àti kí wọ́n máa fi kàlẹ́ńdà òyìnbó gé e.

Kóró inú èso tí wọ́n ń tà lọ́jà, fi sílẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹ̀ ò tiẹ̀ ní kóró, èyí tó ní, àfi kó wà nínú òtútù fíríìjì bí oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó hù dáadáa, ṣé iná tiwa yìí ló máa ṣèyẹn? Tó bá sì hù náà, èso ẹ̀ ò ní jọ ti ìyá ẹ̀. Igi tí wọ́n gé lára àjàrà tó ti ń so ni kó o wá, èyí tó ti pọ́n díẹ̀, tó nípọn tó pẹ́ńsùlù, tó ní ojú mẹ́rin, ìyẹn ibi tí ewé ti ń yọ. Ri ojú méjì mọ́lẹ̀ nínú yanrìn tútù, gbé e síbi tí oòrùn ò ti ní bá a tààrà, á ta gbòǹgbò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn olódòdó ẹ̀bá títì lo ti fẹ́ rà á, wo ara ẹ̀ dáadáa kó o tó sanwó. Àjàrà gidi, ọwọ́ wínniwínni tó fi ń dì mọ́ nǹkan máa ń yọ ní òdìkejì ewé, ewé níhìn-ín, ọwọ́ lọ́hùn-ún. Tó bá jẹ́ ìkòríta ewé àti igi lọwọ́ yẹn ti yọ, passion fruit ni wọ́n fẹ́ tà fún ẹ.

Ìdí igi ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ewé àjàrà ò fi bẹ́ẹ̀ ń kéré, ẹyọ èso ẹ̀ ò sì ní kéré rárá, bó ṣe ń tóbi nínú oko náà ló máa tóbi lọ́dọ̀ ẹ, torí náà tí ìdí ẹ̀ bá ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, ṣe ló máa dà bí ìgbà tí wọ́n gbé ẹrù ìyá lé ọmọ lórí. Rọ́bà pẹ́ńtì ńlá, oní-lítà 20, ni kó o kọ́kọ́ lò, lu ihò púpọ̀ sí ìdí ẹ̀, po ilẹ̀dú mọ́ yanrìn ṣáápù àti èédú wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ìgbẹ́ adìyẹ tó ti pẹ́. Ilẹ̀dú nìkan máa ń lẹ̀ pọ̀ lásìkò òjò, gbòǹgbò á wá jẹrà. Lẹ́yìn náà, yan ẹ̀ka kan ṣoṣo, jẹ́ kó máa sá lọ lórí irin bàkónì, kó gùn tó mítà méjì, kódà mẹ́ta. Ọwọ́ á máa yún ẹ láti gé e, má gé e o, ewé tó ń sá lọ yẹn ló ń bọ́ ìdí. Tó bá dìgbà gígé, gé e wálẹ̀ títí yóò fi ku ojú méjì tàbí mẹ́ta, èyí tó bá hù lókè ló máa di ara igi tuntun, bẹ́ẹ̀ lo máa ṣe é lọ́dọọdún, ìsàlẹ̀ á máa sanra, òkè á máa tín-ín-rín.

Tó o bá ń gé, má gé e mọ́ ojú pẹ́kípẹ́kí. Fi kùkùté tó gùn tó fífẹ̀ ìka kan sílẹ̀ lókè ojú, torí igi àjàrà máa ń gbẹ wálẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti gé e, tí kò bá rí kùkùté gbẹ, ojú yẹn gan-an ló máa gbẹ. Omi lè máa kán níbẹ̀, má jáyà, á dá dúró.

Ọ̀rọ̀ ìgbà gígé wá nìyí, ibi tó ká mi lára jù nìyẹn. Lókè òkun, òtútù ló ń wọ́ ewé ẹ̀, igi á sùn, wọ́n á wá gé e kí ooru tó dé. Tiwa níbí kì í sùn. Tó o bá fi í sílẹ̀ á kàn máa gùn lọ ni, ojú ìsàlẹ̀ ò ní là, kò sì ní so. Àwọn àgbẹ̀ Petrolina ní Brazil náà ò ní òtútù, omi tí wọ́n ń dín kù àti gígé ni wọ́n fi ń ṣètò ẹ̀, tí wọ́n sì ń kórè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ohun tí èmi náà ń ṣe nìyẹn. Tí òjò oṣù kẹwàá bá ti ń lọ, mo máa ń dín omi ẹ̀ kù bí ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe kó gbẹ pátá o. Láàárín oṣù kọkànlá ni mo máa gé e, màá já gbogbo ewé tó kù, màá wá padà fún un lómi àti ìgbẹ́ adìyẹ. Ojú á là, ìdì òdòdó kékeré á yọ pẹ̀lú ewé àkọ́kọ́, ọyẹ́ ò sì ní jẹ́ kí omi máa dúró lára ewé. Bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn gígé lèso máa pọ́n, ìyẹn bí oṣù kẹta, kí òjò tó gbọnra. Èyí tó bá gé tiẹ̀ lóṣù kẹrin, inú òjò oṣù kẹfà lewé tuntun ẹ̀ máa bọ́ sí, èbu á sì gbé e. Yí ewé padà wò, wàá rí i, àwọ̀ ìyeyè lókè, èbu funfun lábẹ́. Já irú ewé bẹ́ẹ̀ kíá, má jù ú sínú rọ́bà, kí oògùn kọ́pà sì ti wà lára ewé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, tí èbu bá ti wọlé tán kò sí nǹkan tí oògùn náà fẹ́ ṣe.

Àwọn àjàrà kan wà ṣá tí ojú méjì ìsàlẹ̀ wọn kì í mú èso wá. Tí tìẹ bá rí bẹ́ẹ̀, lọ́dún tó o bá fẹ́ èso, fi ojú márùn-ún tàbí mẹ́fà sílẹ̀ lára ẹ̀ka kan. Ìdì kan péré ti tó igi kékeré, gé ìyókù kúrò.

Omi ìsàlẹ̀ Èkó yẹn náà, tọ́ ọ wò. Tó bá níyọ̀, etí ewé á máa jó wọ inú, wọ́n á ní oòrùn ni, iyọ̀ ni. Gbe omi òjò, kó o sì máa da púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó fọ ilẹ̀ náà jáde nísàlẹ̀.

Wáyà tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀ka kò le lò, àmọ́ má fi wé ẹ̀ka tó ṣì tutù yọ̀yọ̀, abíyá ẹ̀ ló ti máa dá, pàá báyìí. Dúró kó pọ́n díẹ̀, fi okùn fà á díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà tí ìdí ẹ̀ bá ju àtàǹpàkò ẹ lọ, tí èèpo ẹ̀ ń ṣí ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ìgbà yẹn la máa sọ̀rọ̀ àwo, a ò sì ní lo èyí tó pẹrẹsẹ jù, torí igi tó ń so ń mumi, nínú ọyẹ́ ó lè gba omi àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá gé tèmi lóṣù kọkànlá, màá ya igi tìẹ sọ́tọ̀, wá mú un ní Ṣómólú, ṣùgbọ́n mú yanrìn tútù dání nínú ike kó má baà gbẹ kó o tó dé afárá.