Ta Ni Yóò San Owó Oṣù Agbaṣẹ́ṣe?

Ìbéèrè kìíní, láti Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe. Mo máa ń lọ ya ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà, mo sì máa ń gba iṣẹ́ àgbàṣe lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́. Ní ìparí ọdún 2024, n kò ráyè sùn, mo sì ń ná tó ₦350,000 lóṣù sórí ilé. Nígbà tí yóò fi di ìdajì oṣù Kẹta ọdún 2025, mo ti ń yá owó dátà. Nígbà tí mo ṣírò gbogbo ọdún 2025, ₦7,200,000 ló wọlé. Ìnáwó orí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ₦2,160,000 nínú rẹ̀. Mò ń san ₦240,000 lọ́dún fún ṣọ́ọ̀bù, ₦300,000 fún ilé tí à ń gbé, ₦20,000 lóṣù fún dátà, ₦30,000 fún epo jẹnẹrétọ̀ àti iná, àti ₦80,000 fún ọmọ iṣẹ́ mi kan. Èló ni ó yẹ kí n máa mú gẹ́gẹ́ bí owó oṣù ara mi? Ṣé kí n dá ọmọ iṣẹ́ náà dúró lẹ́nu iṣẹ́ nígbà ọ̀dá? Ilé-iṣẹ́ kan tún yọ ₦60,000 nínú ₦1,200,000 tí a jọ ṣàdéhùn, wọ́n ní owó orí ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ìdáhùn

Ẹ ṣé tí ẹ kọ iye owó náà sílẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà yín ni pé ẹ kò tíì gba owó oṣù rí láti ìgbà tí ẹ ti dá dúró. Owó iṣẹ́ tí ẹ ṣe kẹ́yìn ni ẹ máa ń ná títí yóò fi tán, tí ẹ ó sì máa retí òmíràn. Owó tó wọlé ní oṣù Kejìlá kì í ṣe ti oṣù Kejìlá nìkan. Òun náà ni owó oṣù Kẹta, nígbà tí kò ní sí òde. Ní ọdún 2025 tí ẹ mẹ́nu bà yìí, ààwẹ̀ Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, Lẹ́ńtì tẹ̀lé e ní ọjọ́ 5, Ọdún Àjíǹde kò sì dé títí di ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin. Àwọn Mùsùlùmí ń gbààwẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í sì í so ọkọ àti ìyàwó pọ̀ nínú Lẹ́ńtì. Ọ̀dá tó mú yín kì í ṣe àìríre rárá. Kàlẹ́ńdà ló gbé e wá, ohun tí kàlẹ́ńdà bá sì gbé wá, a lè múra sílẹ̀ dè é.

Oríṣi ìnáwó méjì ló wà nínú iṣẹ́ yín, wọn kò sì jọra. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń bá iṣẹ́ rìn. Ní Sátidé tí ẹ bá lọ ya ìgbéyàwó ní Ọ̀yọ́, epo ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, owó ẹni tó gbé kámẹ́rà kejì, owó dúróònù tí ẹ háyà, bátìrì tí ẹ rà lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ náà, bí iṣẹ́ kò bá sì sí, àwọn náà kò sí. Bàtà tuntun tí ẹ rà wọ lọ síbẹ̀, ti ilé ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nítorí iṣẹ́ ni ẹ ṣe rà á. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́. Oríṣi kejì ni ìnáwó tí kò mọ̀ pé ọ̀dá dé: ṣọ́ọ̀bù, dátà, iná, ọmọ iṣẹ́. Tiyín jẹ́ ₦150,000 lóṣù, ìyẹn ₦1,800,000 lọ́dún, yálà foonu yín dún tàbí kò dún.

Tí a bá yọ ìnáwó orí iṣẹ́ kúrò nínú ₦7,200,000, ó ku ₦5,040,000. Tí a bá yọ èyí tí kò mọ ọ̀dá, ó ku ₦3,240,000. Ohun kan wà tí ẹ kò kọ rárá, òun ló sì ń da ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ láàmú: kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà yín ń gbó lójoojúmọ́. Tí ó bá jẹ́ pé ₦3,000,000 ni ẹ ó fi pààrọ̀ wọn lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ₦600,000 lọ́dún nìyẹn, kì í sì í ṣe owó tí ẹ lè jẹ. Àgbẹ̀ kì í se èbù jẹ, bí ó ti wù kí ebi pa á tó. Ó wá ku ₦2,640,000.

Owó orí ló kàn. Lábẹ́ òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún kò ní owó orí, ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e sì ń san ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń háyà ilé lè yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó ṣírò, bí ohun tó yọ kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Tiyín jẹ́ ₦60,000. Tí ọdún 2026 bá rí bí 2025 ti rí, ₦1,780,000 ni owó orí yóò bà, yóò sì jẹ́ nǹkan bí ₦267,000. Ọ́fíìsì owó orí ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó fi ń ka gbígbó irinṣẹ́, nítorí náà iye gan-an lè yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn. ₦60,000 tí ilé-iṣẹ́ yẹn yọ kò ṣègbé. Wọ́n bá yín san án sílẹ̀ ni. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ rí i pé nọ́ńbà owó orí yín ló wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì fi dín ohun tí ẹ ó san kù nígbà tí ẹ bá fi ìwé owó orí yín ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta tó kọjá.

Ohun tó kù fún yín, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ni ₦2,373,000, èyí tó jẹ́ ₦197,750 lóṣù. Mo mọ̀ pé iye náà yóò dùn yín, nítorí ẹ ti ná ₦350,000 rí. Síbẹ̀, mo rọ̀ yín pé kí ẹ má mú gbogbo rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ₦150,000. Kí ₦47,750 tó kù máa wọ inú àpò ọ̀dá lóṣooṣù títí ohun tí yóò gbé ilé àti ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mẹ́ta yóò fi pé níbẹ̀, ìyẹn ₦900,000. Yóò tó oṣù mọ́kàndínlógún kí ó tó pé, ó sì gba sùúrù. Nígbà tó bá pé, ẹ lè fi kún owó oṣù yín.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ ní àkáǹtì iṣẹ́ tí gbogbo owó oníbàárà ń wọ̀, àti àkáǹtì ilé tó yàtọ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ₦150,000 ránṣẹ́ láti ti iṣẹ́ sí ti ilé, ì báà jẹ́ oṣù tí mílíọ̀nù méjì wọlé, ì báà jẹ́ èyí tí kọ́bọ̀ kò wọlé. Káàdì àkáǹtì iṣẹ́ kò gbọdọ̀ bá yín lọ sí ọjà. Ẹ sọ iye náà fún ìyàwó yín, kí ó sì mọ ìdí rẹ̀, nítorí ẹni tó rí mílíọ̀nù lórí foonu ọkọ rẹ̀ tí a kò ṣàlàyé fún yóò rò pé ahun ni. Aṣọ ẹbí, owó àna àti ìpè láti ilé, inú ₦150,000 ni gbogbo wọn ti ń wá.

Àsansílẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí ó ti kó mi sí ìtìjú rí. Ṣáájú kí n tó gba ojú-ewé yìí, èmi náà ń ṣe àgbàṣe, mo ń tún ìwé ṣe fún àwọn atẹ̀wé. Ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ní oṣù Karùn-ún, kò sanwó títí di oṣù Kọkànlá. Láàárín ìgbà náà, oníbàárà mìíràn san àsansílẹ̀ fún mi, mo sì fi san owó ilé-ìwé ọmọ. Nígbà tí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ tó, n kò ní ohun tí n ó san fún akọ̀wé tó máa ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà jókòó sí iwájú mi, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, kò sọ̀rọ̀. N kò gbàgbé ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka àsansílẹ̀ sí gbèsè: iṣẹ́ ni mo jẹ ẹni tó san án, owó náà kò sì di tèmi títí n ó fi jíṣẹ́. Bí ìyàwó àti ọkọ bá sún ìgbéyàwó síwájú, wọ́n lè ní kí ẹ dá a padà.

Ní ti ọmọ iṣẹ́ yín, ẹ má dá a dúró. Ẹni tó mọ ọwọ́ yín tí ẹ bá lé lọ ní oṣù Kẹta, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni yóò wà ní oṣù Kẹwàá. Owó rẹ̀ ti wà nínú ìṣirò tí a ṣe yìí.

Ìbéèrè kejì, láti Lọ́ńdọ̀nù

Ògbufọ̀ Yorùbá ni mí ní ilé-ẹjọ́ àti ilé ìwòsàn. Nígbà mìíràn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á kọjá láìsí ìpè. Lóṣù Kìíní, wọ́n ní kí n san owó orí ọdún tó kọjá, kí n tún san àbọ̀ sí i fún ọdún tí kò tíì parí. Kí ló fà á?

Ìdáhùn

Bí òfin ibẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ọdún owó orí ń parí ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, ẹ sì ní títí di ọjọ́ 31 oṣù Kìíní tó tẹ̀lé e láti san án. Bí owó náà bá ju £1,000 lọ, tí kò sì sí ẹni tó ti yọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún yín, wọn yóò gba ìdajì iye rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún tó ń lọ, wọn yóò sì gba ìdajì kejì ní ọjọ́ 31 oṣù Keje. Ẹ fi èrè £19,000 wò ó. £12,570 kò ní owó orí. Lórí £6,430 tó kù, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó orí, ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni ti ètò adójútòfò ìjọba, àpapọ̀ £1,671.80. Ní oṣù Kìíní àkọ́kọ́, £2,507.70 ni wọn yóò béèrè. Nítorí náà, tí £100 bá wọlé, ẹ gbé £15 sápá kan ní ọjọ́ náà gan-an. Lórí £19,000, ó jẹ́ £2,850, ó sì tó san ti oṣù Kìíní, yóò sì ṣẹ́kù díẹ̀ fún ti oṣù Keje. Ẹ máa kọ owó ọkọ̀ ojú irin tí ẹ wọ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí iṣẹ́ ọdún yìí bá sì dín kù, ẹ lè kọ̀wé pé kí wọ́n dín àsansílẹ̀ náà kù.

Ìbéèrè kẹta, láti Abẹ́òkúta

Télọ̀ ni mí. Ṣé mo lè fi owó aṣọ ẹbí tí wọ́n san fún mi dá èésú?

Ìdáhùn

Rárá o. Owó òwú, síìpù, láínì àti ti àwọn ọmọ iṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Inú owó oṣù tí ẹ yàn fún ara yín nìkan ni kí ẹ ti máa dá èésú, iye tí ẹ lè dá ní oṣù tí kò sí iṣẹ́ sì ni kí ẹ mú. Mo fẹ́ràn èésú fún oníṣẹ́ ọwọ́, nítorí ẹ lè bẹ olórí rẹ̀ kí ó má fi yín sí oṣù Kejìlá, nígbà tí owó wà lọ́wọ́ yín, kí ó jẹ́ kí ó kàn yín ní oṣù tí ọ̀dá máa ń mú yín jù. Ẹ wo ìwé ìránṣọ ọdún méjì sẹ́yìn kí ẹ tó lọ bá a, kí ẹ lè sọ oṣù náà fún un ní pàtó.